Nígbà Tí Sídì Kan Ń Tó Gbogbo Wa

Agolo bisikíìtì kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi ní Parakou, ní Benin, tí n kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn. Sídì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Bírò aláwọ̀ búlúù ni mo fi kọ "ÌWÉ GBÈSÈ 2004" sí i lára. Ìdajì lẹ́tà náà ti parẹ́, ojú rẹ̀ tó ń dán tẹ́lẹ̀ sì ti ha yánnayànna. Ètò kọ̀ǹpútà kékeré ló wà lórí rẹ̀. Àwọn ìyá tó ń tajà ní ọjà Arzèkè ni mo kọ ọ́ fún, kí wọ́n lè máa fi orúkọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó pamọ́ sí i, àti iye tó jẹ, àti ọjọ́ tó dá pé òun á san án. Nígbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ẹ, ìbéèrè kan péré ni mo máa ń bi í: "Ṣé kọ̀ǹpútà yín lójú sídì?" Bó bá ti ní in, ó parí.

Lónìí, kí n tó fún ẹnì kan ní Ìwé Gbèsè, àfi kí n wádìí bí ẹni tó fẹ́ fọmọ fọ́kọ. Ta ló ṣe ẹ̀rọ yín? Ọdún wo ló jáde? Bíìtì 32 ni àbí 64? Ìran prósẹ́sọ̀ wo ló wà nínú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n, n kò sì bá wọn wí. Ta ló ra kọ̀ǹpútà nítorí pé ó fẹ́ mọ ìran ọpọlọ rẹ̀?

Sáíbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láyé ọjọ́sí kò jìnnà sí ọjà. Ọdún 2001 ni wọ́n dá Yunifásítì Parakou sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ló sì ń kún ọ̀dọ̀ wa láàárọ̀ lálẹ́. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ la ní, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn: láti Yúróòpù dé èbúté Kùtọnu, láti Kùtọnu wọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀nà tó lé ní irínwó kìlómítà kó tó kàn wá. Ojú wọn jẹ́ dígí tó wúwo bí ọlọ ata. Windows 98 wà lórí àwọn kan, Windows XP wà lórí àwọn yòókù, Faransé sì ni gbogbo wọn fi ń báni sọ̀rọ̀. A lẹ orúkọ Intel mọ́ omíràn níwájú, a lẹ AMD mọ́ omíràn. Síbẹ̀, ìran kan náà ni wọ́n.

Ohun tí mò ń pè ní ìran rèé. Prósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kò sì gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Yorùbá. Nọ́ńbà ló gbọ́. Nọ́ńbà kan ní kó ro nǹkan méjì pọ̀, òmíràn ní kó gbé nǹkan láti ibí lọ sí ọ̀hún. Ẹni tó ṣe prósẹ́sọ̀ ló yan nọ́ńbà tó fi ń pàṣẹ fún un, nítorí náà nọ́ńbà tó ní "rò ó pọ̀" lọ́dọ̀ ìran kan lè jẹ́ wótowòto lásán lọ́dọ̀ ìran kejì. Intel gbé 8086 jáde ní 1978. Ní 1985 ó mú 80386 wá, tó ń ka bíìtì 32 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. AMD náà ń ṣe tirẹ̀, èdè kan náà ló sì fún un. Gbogbo àwọn tó tẹ̀lé wọn, Pentium ti 1993 àti àwọn àbúrò rẹ̀, ni wọ́n gbọ́ èdè bàbá wọn. Ohun tí mo bá dì fún ọ̀kan, mo ti dì í fún gbogbo wọn.

Ẹni tó bá ti ná Arzèkè rí á tètè lóye rẹ̀. Baatonu wà níbẹ̀, Fúlàní wà níbẹ̀, Fọ̀n wà níbẹ̀, àwa Yorùbá náà kò kéré. Bí èèyàn méjì kò bá gbédè ara wọn, Dendi ni wọ́n á fi dúnàádúrà, ọjà á sì tà. Èdè Intel yìí ni Dendi tiwa nínú kọ̀ǹpútà. Mac wà láyé nígbà náà lóòótọ́, láti 1994 ló ti ń lo prósẹ́sọ̀ PowerPC tó ń sọ èdè ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n àwòrán Mac nínú ìwé ìròyìn ni èmi rí. N kò rí ọ̀kan kí n fọwọ́ kàn án.

Sídì náà rìn jù mí lọ. Mo kọ ètò náà sórí mẹ́wàá lọ́jọ́ kan, mo pín in. Ọkùnrin kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì mú ọ̀kan lọ sí Tchaourou, awakọ̀ kan mú ọ̀kan lọ sí Nikki, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ lẹ́yìn mi. Ní bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo lọ kí àwọn àna mi ní Ṣábẹ̀ẹ́, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan láti ra ìṣó. Ọmọkùnrin kan jókòó ti kọ̀ǹpútà lẹ́yìn káńtà. Mo yọjú wò ó, mo rí "CARNET DE DETES" gàdàgbà lókè ojú ẹ̀rọ, pẹ̀lú lẹ́tà T kan tí mo gbé jẹ nínú ọ̀rọ̀ Faransé yẹn, tí n kò rántí tún ṣe. Mo bi í pé níbo ló ti rí i. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan ló bá òun mú un láti Parakou. N kò mọ ẹ̀gbọ́n náà. Mo sanwó ìṣó mi, n kò sọ pé èmi ni mo kọ ọ́. Kò sí owó tí mo ti fi iṣẹ́ yìí pa tó dùn mọ́ mi tó ọjọ́ yẹn.

Kí n má purọ́ o, ayé ìgbà náà kì í ṣe oyin. Kí a tó ní ẹ̀rọ tó ń kọ sídì, dísíkẹ́ẹ̀tì là ń lò, mẹ́gà kan àti ààbọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú rẹ̀ tán. Mo máa ń gé ètò sí mẹ́ta, sórí dísíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ló sì máa ń bàjẹ́ nígbà gbogbo, lẹ́yìn téèyàn bá ti gun zémì, ọ̀kadà tiwa, dé ọ̀dọ̀ oníbàárà nínú oòrùn. Fáírọ́ọ̀sì ń bá sídì rìn bí eégún ti ń bá ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ rìn. Gbogbo èyí mo rántí. Ohun tí n kò lè gbàgbé ni pé nǹkan kan ṣoṣo ni mò ń gbé lọ́wọ́.

Ibùdókọ̀ ojú irin ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́. Ojú irin tó gbéra ní Kùtọnu, Parakou ló parí sí. Ní 1959, Niger àti Dahomey, bí wọ́n ti ń pe Benin nígbà yẹn, jọ dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó o, òun ni a wá mọ̀ sí OCBN. Nígbà náà, ẹrù tó ń lọ sí Niger, ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti ń já a kúrò nínú wágọ́ọ̀nù, tí wọ́n ń tún un dì sórí ọkọ̀ akẹ́rù tó máa gba Malanville kọjá. Bàbá mi a máa sọ pé ẹrù kò le, àtúndì ló le. Ohun tó jókòó pẹ̀sẹ̀ nínú wágọ́ọ̀nù, bí wọ́n bá gbé e bẹ́ẹ̀ sórí lọ́rì, á dà nù kó tó dé N'Dali. Èmi rò pé iṣẹ́ tòun ló ń sọ. N kò mọ̀ pé tèmi náà ló ń sọ.

Ìyípadà náà wọlé jẹ́jẹ́. Intel ló fẹ́ kí ayé kó lọ sí ilé tuntun kan tó parí ní 2001, tó pè ní Itanium, níbi tí èdè àtijọ́ ti di èdè àlejò. Àwọn èèyàn kò kó lọ. AMD gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní 2003 ó fi yàrá kún ilé àtijọ́. Bíìtì 64 ni yàrá tuntun náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ èdè 32 ṣì lè wọlé kó jókòó síbi tó ti ń jókòó. Ní 2004 Intel fúnra rẹ̀ tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ amd64 sára ìdìpọ̀ tó wà fún ẹ̀rọ Intel títí dòní. Iye ìgbà tí mo ti ṣàlàyé èyí kò lóǹkà. "Bùrọ̀dá, Intel ni tèmi o, ti AMD lẹ fi ránṣẹ́ sí mi." Mo ní kò burú, àbúrò, òun náà ni. x64, x86-64, amd64, orúkọ mẹ́ta fún ẹnì kan. arm64 àti aarch64 náà, orúkọ ìran mìíràn tó ń jẹ́ ARM, ọ̀kan ni wọ́n. Àwa tí wọ́n ń pè ní Nàgó níbí, tí a di Yorùbá bí a bá ti sọdá sí Ṣakí, kò yẹ kí irú èyí rú wa lójú.

Nígbà tí Windows 7 dé ni mo kọ́kọ́ rí ìjà ìyípadà náà. Oníbàárà kan gbé ẹ̀rọ bíìtì 64 wá, mo ti sídì sí i, kò ṣí. Mo dán an wò títí, òógùn bò mí. Ọjọ́ kejì ni mo tó rídìí rẹ̀: Ìwé Gbèsè fúnra rẹ̀ kò ní àrùn kankan, bíìtì 32 ni, Windows tuntun ṣì ń gbà á, inú fódà tó pè ní "Programmes (x86)" ló ń kó irú wọn sí. Àpótí tí mo fi dì í ló ti gbó. Ohun èlò ìdìpọ̀ àtijọ́ kan tí mo dà kọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ni mo lò, bíìtì 16 ni ìdérí rẹ̀, Windows oníbíìtì 64 kò sì gba bíìtì 16 wọlé rárá. Ẹrù wà nínú rẹ̀ pérépéré, ìdérí ni kò ṣí. Mo rántí bàbá mi lọ́jọ́ náà.

Ẹ wá wò mí lálẹ́ Sátidé tó kọjá. Mo ti tún Ìwé Gbèsè kọ láti ìpìlẹ̀, Go ni mo fi kọ ọ́, èdè ìkọ ètò tí Google gbé jáde ní 2009. Inú Firefox tàbí ohunkóhun tó jọ ọ́ ló ń ṣí sí, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ GOOS=windows GOARCH=386, ìyẹn Windows oníbíìtì 32, mo ní kó kọ́ ọ, ó kọ́ ọ. Mo pa 386 rẹ́, mo fi amd64 dípò rẹ̀. Mo pa ìyẹn náà rẹ́, mo fi arm64. Mo yí windows sí linux, mo tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe. Mo yí i sí darwin, orúkọ àbísọ Mac nìyẹn, mo ṣe méjì: ti àwọn tó ń lo Intel àti ti àwọn tó ń lo èyí tí Apple ṣe fúnra rẹ̀. Fáìlì mẹ́jọ tò sílẹ̀ níwájú mi, wọ́n jọra bí ìbejì, kò sì sí èyí tó lè jẹ́ ìpè lórúkọ ìkejì. Mo fi àṣẹ file yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ní òun jẹ́ PE32, Intel 80386. Èkejì ní PE32+, x86-64. Àmì ìròpọ̀ kékeré yẹn, ẹni tójú ń dùn kò ní rí i, òun ló sì ya ẹni tí yóò ṣí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò ní ṣí.

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi ṣe mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Tí wọ́n bá sọ fún mi ní 2004 pé èmi tí mo jókòó ní Parakou lè dẹrù fún ẹ̀rọ tí n kò fojú rí rí, mo máa ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú mẹ́jọ, mẹ́ta péré ni mo rí ẹ̀rọ tí mo fi dán wò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Amẹ́ríkà ló ń bá mi ṣí ti Mac, tó ń ya àwòrán ojú ẹ̀rọ ránṣẹ́. Láyé ọjọ́sí, ìdìpọ̀ kan ni mo ní, mo sì mọ gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń lọ bá, mo mọ èyí tí bọ́tìnì rẹ̀ ti já. Ní báyìí ìdìpọ̀ mẹ́jọ ni mo ní, n kò mọ ilé tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń wọ̀.

Nǹkan kan wà tí ìdìpọ̀ tuntun gbà tí ti àtijọ́ kò gbà, kò sì yẹ kí n gbé e pamọ́. Faransé ni mo fi kọ Ìwé Gbèsè àkọ́kọ́, nítorí ohun èlò tí mò ń lò nígbà náà kò lè gbé ẹ àti ọ olóhùn sójú ẹ̀rọ. Àmì ìbéèrè ló ń kọ dípò wọn. Ní báyìí Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, lọ́nà méjì. Ní Benin, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi ń kọ́ni nínú ìwé, kp ni wọ́n ń kọ fún p wa, sh fún ṣ. Ọ̀pẹ wa di ɔ̀kpɛ. Ẹni tó ti Ṣakí tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ wá tajà kò mọ ɛ, ẹni tó kọ́ ìwé kíkà níbí kò ka ẹ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Tẹ bọ́tìnì kan, ó yí padà. Ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu, ìwé méjì lójú, wọ́n sì jọ wọ inú fáìlì kan ṣoṣo láìjà. Ó wù mí kí prósẹ́sọ̀ náà lè rí bẹ́ẹ̀.

Apple gbìyànjú rẹ̀, ká sòótọ́. Nígbà tó kúrò lórí PowerPC lọ sórí Intel ní 2006, àti nígbà tó tún kúrò lórí Intel lọ sórí M1, prósẹ́sọ̀ ìran ARM tó ṣe fúnra rẹ̀, ní oṣù kọkànlá 2020, ó jẹ́ kí a lè kó ìran méjì sínú àpò kan, kí ẹ̀rọ mú èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ó sì fi ògbufọ̀ síbẹ̀ tó ń pè ní Rosetta, tó ń túmọ̀ ètò àtijọ́ fún ọpọlọ tuntun. Microsoft náà ní ògbufọ̀ tirẹ̀ fún ẹ̀rọ ARM tó ń tà. Àpò oníran méjì dára fún ẹni tó wà níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣàn bí omi. Níbí, mẹ́gà la fi ń ra íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ló dé tí màá fi jẹ́ kí ẹnì kan sanwó fa ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní lò sílẹ̀? Ògbufọ̀ náà kì í sì í pẹ́ títí: Apple ti kéde ní 2025 pé ìgbà ti Rosetta ti ń lọ sópin.

Mo gbọ́dọ̀ yin ARM. Mac tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé wálé nígbà ọdún, iná lọ láàárọ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́, kò gbóná, kò pariwo. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń fi ẹ̀rọ amúnáwá bẹ Pentium 4 kò ní fi èyí ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fún un ní Ìwé Gbèsè, Mac náà fapá jánú: òun kò mọ ẹni tó ṣe é. Kí ó tó lè mọ̀ mí, mo máa san dọ́là 99 lọ́dọọdún fún Apple. Mo mọ ìdí rẹ̀, mo ti sọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì tán lókè. Síbẹ̀, ó ro mí lára pé ohun tí mo fọwọ́ mi gbé fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń béèrè ẹlẹ́rìí lé lórí.

Bí ilé ti ń gba àlejò ni onílé ń jáde. Nígbà tí Debian 13, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, jáde ní oṣù kẹjọ 2025, ó gba ìran tuntun kan, RISC-V, wọlé, ó sì dẹ́kun dídi àpótí tí a fi ń gbé e sórí ẹ̀rọ Intel oníbíìtì 32. Windows 11 kò ní ti bíìtì 32 láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Windows 10 tó ní in, Microsoft dẹ́kun títọ́jú rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025.

Ìyá kan wà ní Arzèkè tó ń ta aṣọ, láti 2004 la ti jọ ń bọ̀. Windows 10 oníbíìtì 32 ló wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tòkunbọ̀, àyè ìrántí gígà kan péré. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló lọ bá a fi ẹ̀yà tuntun sí i. Amd64 ló mú lọ, ó rò pé gbogbo ayé ti kúrò lórí ìyókù. Ẹ̀rọ kọ ọ́ sójú wọn pé "Cette application ne peut pas s'exécuter sur votre PC." Ìyá pè mí.

"Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, ẹ ti lé mi kúrò nínú ìwé yín ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ọmọ ló gbé ti ẹlòmíràn wá bá yín."

"Ti àkọ́kọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi nígbà yẹn."

N kò ní èsì. Mo gun zémì lọ, mo fi 386 sí i, ó ṣí, gbèsè tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ jáde tòtòtò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ ètò ní Parakou, ní Kùtọnu, ní Ìbàdàn, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì yọ 386 kúrò lára ohun tí ẹ ń dì. Lọ́dọ̀ mi, àṣẹ ìlà kan ni. Ti Ìyá Aláṣọ kò ju mẹ́gà mẹ́fà lọ.